Bí ẹ ṣe lè rí labalábá àti àfòpiná l'Abẹ́òkúta nígbà họlidé ńlá

Ọdọọdún, bí iléèwé bá ti pa fún họlidé ńlá ní ìparí oṣù Keje, ẹ̀gbọ́n mi obìnrin máa ń kó àwọn ọmọ rẹ̀ méjèèjì wá sílé mi ní Ìdí-Àbà láti Èkó. Kó tó di ọjọ́ kẹta, wọ́n á ti fi fíìmù jẹ dátà mi tán, wọ́n á wá máa béèrè ìgbà tí wọ́n máa padà. Ọdún kan ni mo ní kí n kó wọn jáde lọ wá labalábá, kí ilé lè dákẹ́ díẹ̀. Láti ìgbà yẹn, èmi gan-an ni mò ń dúró de họlidé.

Ohun tá a kọ́kọ́ ṣe ni ohun tí ọ̀pọ̀ èèyàn máa ń ṣe. A gé nẹ́ẹ̀tì ẹ̀fọn tó ti gbó, a rán an mọ́ wáyà, a so ó mọ́ orí igi, a sì ń sáré lé labalábá kiri pápá. Àwọn àgbà ní labalábá tó bá dìgbò lẹ̀gún, aṣọ rẹ̀ á fà ya. Tiwa ò tiẹ̀ dé ìdí ẹ̀gún. Mẹ́ta la mú láàárọ̀ yẹn, mẹ́tẹ̀ẹ̀ta ló ya ní ìyẹ́, ọ̀kan ò sì lè fò mọ́. Àbúrò nínú àwọn ọmọ náà sunkún délé. Mo ju nẹ́ẹ̀tì náà nù, mi ò sì rán òmíràn mọ́.

Ọ̀nà tí mo fẹ́ ṣàlàyé yìí ò ní eré sísá nínú. Ewé ni kẹ́ ẹ máa wá, kì í ṣe labalábá. Tẹ́ ẹ bá ti mọ ewé tí ọ̀kọ̀ọ̀kan wọn fẹ́ràn, ẹ lọ jókòó síbẹ̀, á wá bá yín.

Kẹ́ ẹ tó jáde

Ẹ wọ ṣòkòtò gígùn àti bàtà tó bo ẹsẹ̀, nítorí ejò àti ìjàlọ. Ẹ mú omi, fìlà, ìwé kékeré kan, pẹ́ńsù, àti fóònù tẹ́ ẹ ti cháàjì. Kò sí ohun tẹ́ ẹ máa rà nínú ìwọ̀nyí.

Ẹ mọ labalábá yàtọ̀ sí àfòpiná

Lọ́dọ̀ wa, gbogbo wọn ni ọ̀pọ̀ èèyàn ń pè ní labalábá, àfi èyí tó bá wá ń yí iná po lálẹ́ ni wọ́n ń pè ní àfòpiná. Kò burú, ṣùgbọ́n àwọn àfòpiná kan wà tó ń fò lọ́sàn-án gangan. Ìwo méjì tó wà lórí wọn ni kẹ́ ẹ wò. Ti labalábá tín-ín-rín, ó wá ní kókó lórí bí igi ìṣáná. Ti àfòpiná kì í sábà ní kókó: òmíràn rí bí òwú ìránṣọ, òmíràn rí bí ìyẹ́ adìẹ. Bí labalábá bá bà, ó sábà máa ń pa ìyẹ́ rẹ̀ pọ̀ sókè bí ẹni pàtẹ́wọ́, àfòpiná á tẹ́ tirẹ̀ bo ara bí òrùlé. Ẹ má gbára lé ti ìyẹ́ yìí jù o, torí pé labalábá tó ń yáàrùn láàárọ̀ máa ń tẹ́ tirẹ̀ náà sílẹ̀ pẹrẹsẹ.

Nàìjíríà nìkan ní ju 1,000 oríṣi labalábá lọ. Àfòpiná tún pọ̀ jù wọ́n lọ fíìfíì: kárí ayé, nǹkan bí 160,000 oríṣi wọn ni àwọn onímọ̀ ti sọ lórúkọ. Nítorí náà, ẹ má jẹ́ kó dùn yín bẹ́ ẹ bá rí èyí tẹ́ ẹ ò mọ̀. Ọmọ tó bá dá mẹ́wàá mọ̀ kí họlidé tó parí, ọmọ yẹn ti gbìyànjú.

Ìyẹ̀fun tó máa ń lẹ̀ mọ́ni lọ́wọ́ téèyàn bá mú labalábá ńkọ́? Nígbà tá a wà lọ́mọdé, wọ́n ní tó bá kó sí wa lójú, ojú á fọ́. Kì í fọ́ ojú. Ìpẹ́ ni, bí ìpẹ́ ẹja, àmọ́ ó kéré gan-an, òun ló sì gbé àwọ̀ tá à ń rí yẹn. Èyí tẹ́ ẹ bá fọwọ́ nù kúrò lára rẹ̀ kì í hù padà mọ́.

Ẹ mọ àsìkò

Labalábá ò ní ooru ara tirẹ̀. Àfi kó yáàrùn kí ara rẹ̀ tó gbé fífò. Ìdí nìyí tó fi jẹ́ pé tẹ́ ẹ bá jáde ní aago méje àbọ̀ àárọ̀, ẹ máa bá wọn lórí ewé tí wọ́n tẹ́ ìyẹ́ sílẹ̀, wọn ò ní lè yára fò. Àsìkò fọ́tò nìyẹn. Láti aago mẹ́sàn-án sí ọ̀sán, wọ́n á ti pọ̀ lójú òfuurufú, ṣùgbọ́n wọn ò ní dúró fún yín.

Ní oṣù Kẹjọ, òjò máa ń sinmi díẹ̀ lọ́dọ̀ wa, ojú ọjọ́ á kàn ṣú dùdù láìrọ̀. Irú ọjọ́ bẹ́ẹ̀, ẹ jókòó sílé. Ṣùgbọ́n bí òjò bá rọ̀ lóru, tí oòrùn wá yọ láàárọ̀, ẹ fi gbogbo iṣẹ́ ilé sílẹ̀. Abọ́ á dúró dè yín.

Ẹ wá ewé

Ibí ni ọ̀rọ̀ wà. Ọ̀pọ̀ labalábá lè mu oje oríṣiríṣi òdòdó, ṣùgbọ́n tó bá kan ẹyin yíyé, kì í ṣe gbogbo ewé ni ọmọ rẹ̀ lè jẹ. Ewé díẹ̀ péré ni abo kọ̀ọ̀kan ń wá káàkiri, ó sì máa ń fi ẹsẹ̀ tọ́ ewé wò kó tó yé ẹyin lé e.

Igi ọsàn ni kẹ́ ẹ fi bẹ̀rẹ̀. Kò sí àdúgbò kan l'Abẹ́òkúta tẹ́ ẹ ò ti ní rí igi ọsàn, ọsàn wẹ́wẹ́ tàbí òroǹbó kan nínú ọgbà ẹnì kan. Labalábá ńlá dúdú tó ní àmì òféèfèé lára, tí àwọn onímọ̀ ń pè ní *Papilio demodocus*, orí ewé ọsàn ló ń yé ẹyin rẹ̀ sí, ní ẹyọ kọ̀ọ̀kan. Ewé tútù tó ṣẹ̀ṣẹ̀ ń yọ ló fẹ́ràn jù. Ẹ wá ohun róbótó kékeré kan tó pọ́n ràkọ̀ràkọ̀ bí ọkà bàbà. Tẹ́ ẹ ò bá rí ẹyin, ẹ wá ìgbẹ́ ẹyẹ. Mo mọ ohun tí mò ń sọ. Ọmọ rẹ̀ tó ṣẹ̀ṣẹ̀ pa, dúdú pọ̀ mọ́ funfun ni, ó ń dán bí ìgbẹ́ ẹyẹ tó jábọ́ sórí ewé, ẹyẹ á wò ó, á sì kọjá lọ. Tó bá dàgbà díẹ̀, á bọ́ awọ yẹn sílẹ̀, á wá di aláwọ̀ ewé. Nígbà yẹn, ẹ fi igi ìgbálẹ̀ kan rọra kàn án lẹ́yìn orí. Ohun pupa kan máa ṣàdédé yọ jáde lórí rẹ̀, á pín sí méjì bí ahọ́n ejò, òórùn líle kan á sì gba ibẹ̀ kan. Ọmọ ẹ̀gbọ́n mi ọkùnrin, tó ń pe ara rẹ̀ ní akíkanjú, fò sẹ́yìn, ó sì jókòó sínú ẹrọ̀fọ̀. Ẹ̀ẹ̀kan péré ni kẹ́ ẹ ṣe é fún kòkòrò kan. Agbára tó fi ń dàgbà ló ń ná sí i.

Ìkejì ni bòmubòmu, èyí tí àwọn Fúlàní ń fi oje rẹ̀ dì wàrà. Ó máa ń hù lẹ́bàá ọ̀nà àti lórí ilẹ̀ tí wọn ò tíì kọ́. Ẹ má jẹ́ kí oje funfun rẹ̀ kó sí ọmọ lójú o, májèlé wà nínú rẹ̀. Májèlé yẹn gan-an ni ọmọ *Danaus chrysippus* ń jẹ, tó sì ń tọ́jú sára títí tó fi ń di labalábá. Kòkòrò náà lẹ́wà: ilà funfun, dúdú àti òféèfèé yí i ká, ìwo dúdú mẹ́fà ló sì yọ lára rẹ̀ ní méjì-méjì. Labalábá rẹ̀ pupa bí iyẹ̀pẹ̀ ilé, ṣóńṣó ìyẹ́ iwájú dúdú pẹ̀lú àmì funfun, lọ́dọ̀ wa níbí sì rèé, ìyẹ́ ẹ̀yìn sábà máa ń ní funfun láàrin. Ẹ wo bó ṣe ń fò, jẹ́jẹ́ ni, bí ìyàwó tuntun. Ẹyẹ tó bá jẹ ẹ́ lẹ́ẹ̀kan máa bì í, kò sì ní jẹ ẹ́ mọ́.

Ṣùgbọ́n kì í ṣe gbogbo èyí tẹ́ ẹ bá rí tó wọ aṣọ yẹn ló ní májèlé. Abo *Hypolimnas misippus* rí bákan náà gẹ́lẹ́, kò sì ní májèlé kankan lára, ọ̀wọ̀ ẹni tó ní ló ń jẹ. Àwọn àgbà ní labalábá fara wé ẹyẹ, kò lè ṣe ìṣe ẹyẹ. Èyí fara wé labalábá ẹlẹgbẹ́ rẹ̀, ó sì rí i ṣe. Ẹ fi ìyẹ́ ẹ̀yìn dá wọn mọ̀: ojúlówó ní àmì dúdú mẹ́ta tàbí mẹ́rin láàrin ìyẹ́ náà, ayédèrú ní ẹyọ kan ṣoṣo létí òkè. Akọ ayédèrú yìí ò tilẹ̀ jọ ọ́ rárá, dúdú ni pẹ̀lú àmì funfun róbótó-róbótó tó ní àwọ̀ aró létí. Ọjọ́ tí àwọn ọmọ náà kọ́kọ́ ka àmì yìí fúnra wọn, wọ́n pariwo débi pé labalábá náà sá lọ.

Àwọn tó kù ò gba àlàyé púpọ̀. Àsúnwọ̀n, ẹ máa rí àwọn oníyẹ̀ẹ́ òféèfèé kéékèèké àti ńlá kan tó funfun mọ́ àwọ̀ ewé tí wọ́n ń yí i po. Ìgbálòdè tó ń hù lẹ́gbẹ̀ẹ́ títì, tí gbogbo èèyàn ń tẹ̀ mọ́lẹ̀, ni ilé oúnjẹ àwọn kéékèèké. Ẹ̀wọ̀n agogo náà dáa gan-an tó bá ti ń tan òdòdó. Ẹ jókòó níwájú ọ̀kan nínú wọn fún ogún ìṣẹ́jú láìsọ̀rọ̀. Fún ọmọ Èkó, ogún ìṣẹ́jú yẹn ló ṣòro jù nínú gbogbo iṣẹ́ yìí.

Ẹ ṣe àsè fún wọn

Àwọn labalábá kan ò bìkítà fún òdòdó. Àwọn *Charaxes*, tí wọ́n sanra, tí wọ́n ní ìrù méjì ní ìyẹ́ ẹ̀yìn kọ̀ọ̀kan, tí wọ́n sì ń fò bí òkúta táwọn ọmọ fi kànnàkànnà ta, èso tó ti kẹ̀ ni tiwọn, àti ìgbẹ́ ẹran pàápàá. Ẹ ra ọ̀gẹ̀dẹ̀ wẹ́wẹ́ tó ti rà jù, irú èyí tí ìyá ọlọ́jà Kútọ̀ á fi ta yín lọ́pọ̀, ẹ gún un, ẹ da gẹ̀dẹ̀gẹ́dẹ̀ ẹmu lé e, ẹ fi ṣúgà díẹ̀ sí i, ẹ bò ó mọ́lẹ̀ fún ọjọ́ méjì. Ẹ wá gbé e sórí àwo lábẹ́ ìbòòji igi. Ẹmu náà máa ń pa wọ́n. Mo ti rí èyí tó mu yó tó ṣubú sí ẹ̀gbẹ́ kan, a fẹ́rẹ̀ẹ́ lè fọwọ́ kàn án. Tọ́wọ́ alẹ́ bá ń lé, ẹ tún padà lọ wo àwo yẹn. Labalábá kan wà tó jọ ewé gbígbẹ gẹ́lẹ́, *Melanitis leda*, ìrọ̀lẹ́ ló máa ń jáde.

Eèrà máa dé ibẹ̀ kí labalábá tó dé o. Ẹ gbé àwo náà sínú àwo ńlá tó lómi.

Ibi tẹ́ ẹ lè lọ

Òkè Olúmọ ga tó mítà 137 sí ojú òkun, gbogbo àlejò ló sì ń lọ wo àpáta àti ihò tí àwọn Ẹ̀gbá sá sí. Ẹ̀yin, ẹ gba àtẹ̀gùn, ẹ fi ẹ̀rọ agbéniròkè sílẹ̀, torí ìdí àwọn igi tó wà lọ́nà ni nǹkan wà. Tẹ́ ẹ bá dé téńté, ní nǹkan bí aago mọ́kànlá, ẹ wò ó dáadáa: akọ àwọn labalábá kan máa ń gun ibi tó ga jù lágbègbè lọ, wọ́n á dúró de abo níbẹ̀, wọ́n á sì máa lé ara wọn. Èyí tó bá fò lọ, tó tún padà sójú kan náà, akọ tó ti gba ilẹ̀ nìyẹn. Ojúbọ wà lórí òkè náà, nítorí náà ẹ má já ewé, ẹ má sì ṣí òkúta.

Odò Ògùn ńkọ́? Lóòótọ́, etí omi dáa, torí akọ labalábá máa ń péjọ sórí iyanrìn tútù láti fa iyọ̀ inú rẹ̀. Ṣùgbọ́n oṣù Keje sí Kẹwàá, odò yẹn máa ń kún, mi ò sì ní sọ fún ẹnikẹ́ni pé kó kó ọmọ lọ sí bèbè rẹ̀ ní Lafẹ́nwá. Ẹ wá ibi tí wọ́n da iyanrìn ìkọ́lé sí lẹ́yìn òjò, tàbí ibi tí ewúrẹ́ ti tọ̀. Ewúrẹ́ ò wọ́n wa l'Abẹ́òkúta.

Tẹ́ ẹ bá ní ọkọ̀, Alábàtà, níbi tí FUNAAB, yunifásítì iṣẹ́ àgbẹ̀, wà, ní pápá, oko àti igbó lójú kan. Ẹ bá àwọn ẹ̀ṣọ́ ẹnu géètì sọ̀rọ̀, ẹ sọ ohun tẹ́ ẹ wá ṣe. Nínú oko àgbàdo, ẹ la àárín ewé tó ń yọ, tẹ́ ẹ bá bá ohun tó dà bí ìyẹ̀fun ìrẹ́gi níbẹ̀, kòkòrò kan wà nísàlẹ̀ tí iwájú orí rẹ̀ ní ilà bí lẹ́tà Y tí wọ́n dojú rẹ̀ délẹ̀. Ọmọ àfòpiná láti Amẹ́ríkà ni, ọdún 2016 ni wọ́n kọ́kọ́ rí i nílẹ̀ wa, kò sí àgbẹ̀ tó ń gbin àgbàdo tí ò mọ oró rẹ̀.

Alẹ́: aṣọ funfun àti iná

Ẹ so aṣọ bẹ́ẹ̀dì funfun mọ́ okùn, ẹ jẹ́ kí ìsàlẹ̀ rẹ̀ tẹ́ sórí ilẹ̀, kẹ́ ẹ gbé iná tó mọ́lẹ̀ funfun síwájú rẹ̀. Iná tó ń lo bátìrì dáa ju gílóòbù lọ, torí ẹ mọ bí ọ̀rọ̀ iná mànàmáná ṣe rí. Alẹ́ tí òṣùpá ò yọ, tí ilẹ̀ tutù, tí afẹ́fẹ́ ò fẹ́, ló dáa jù, láti aago méje àbọ̀ sí mẹ́wàá. Ẹ sọ fún àwọn aládùúgbò ṣáájú. Èmi ò sọ, bàbá ilé kejì wá dúró lẹ́nu ọ̀nà, ó ń wo aṣọ funfun tó ń tàn láàárín òkùnkùn, ó wá bi mí pé, "Ìyá Ìbejì, kí lẹ ń bọ?"

Àwọn àgbà ní àfòpiná tó lóun máa pa fìtílà, ara rẹ̀ ló máa pa. Nítorí náà, ẹ má lo iná tó ń jó, ẹ sì paná tẹ́ ẹ bá ti wò tán kí wọ́n lè lọ.

Èyí tí mo fẹ́ràn jù ni àwọn tí ara wọn rí bí ọkọ̀ òfuurufú, tí ọmọ wọn ń jẹ ewé ànàmọ́. Tó bá bà sórí aṣọ, ẹ súnmọ́ ọn, ẹ má fọwọ́ kàn án. Kó tó fò, gbogbo ara rẹ̀ á bẹ̀rẹ̀ sí í gbọ̀n, ìyẹ́ rẹ̀ á máa mì tìtì bí ẹni tí ibà mú, fún bí ìṣẹ́jú kan tàbí jù bẹ́ẹ̀ lọ. Kò sàìsàn. Ó ń mú ẹ́ńjìnnì gbóná ni. Lẹ́yìn náà, fíáà, ó ti lọ. Bí àfòpiná gbàǹgbà kan tó ní àwòrán ojú lórí ìyẹ́ bá wá, ẹ mọ̀ pé kò jẹun látìgbà tó ti jáde, kò sì ní jẹun títí á fi kú, torí kò ní ẹnu tó ń ṣiṣẹ́. Ara àfòpiná mìíràn ni sányán ti wá: ilé tí ọmọ àwọn *Anaphe* jọ hun pọ̀ ni wọ́n ń tú, tí wọ́n ń ran lówùú, tó di baba aṣọ. Èyí tó sì ń jẹ aṣọ nínú àpótí, kékeré bíńtín ni, kì í wá síbi iná.

Ohun méjì ni kẹ́ ẹ ṣọ́ra fún. Kòkòrò onírun, ẹ má mú un lọ́wọ́. Tó bá ti kan ara, ẹ má fọwọ́ ra á, ẹ fi sẹ̀lótéèpù fa irun náà yọ, kẹ́ ẹ fi omi àti ọṣẹ fọ ọ́. Ìkejì ni kòkòrò tẹ́ẹ́rẹ́ kan, pupa òun dúdú, tó máa ń bá wọn wá síbi iná lásìkò òjò. Tó bá bà lé yín lára, ẹ fẹ́ ẹ kúrò, ẹ má tẹ̀ ẹ́ pa, oje rẹ̀ ń bó èèyàn lára.

Ẹ kọ ọ́ sílẹ̀, ẹ yà á

Ọjọ́, aago, ibi, ewé tó wà lórí rẹ̀. Mẹ́rin péré. Tẹ́ ẹ bá fẹ́ yà á, ẹ má jẹ́ kí òjìji yín kọjá lórí rẹ̀, ẹ rọra bẹ̀rẹ̀ láti ẹ̀yìn, ẹ ya òkè ìyẹ́ àti abẹ́ ìyẹ́, torí àwọn méjèèjì kì í jọra. Áàpù iNaturalist lórí fóònù máa dábàá orúkọ. Ẹ má gba àbá àkọ́kọ́ gbọ́ lójú ẹsẹ̀, ẹ wò ó bóyá wọ́n ti rí irú ẹ̀ ní Ìwọ̀-Oòrùn Áfíríkà.

Ẹ tọ́ ọ̀kan dàgbà

Ẹ já ẹ̀ka ọsàn tó ní kòkòrò aláwọ̀ ewé yẹn lórí, ẹ fi sínú ike onífẹ̀ẹ́, ẹ fi nẹ́ẹ̀tì bo ẹnu rẹ̀. Ewé tútù láràárọ̀, láti ara igi tí wọn ò fín oògùn sí. Ẹ máa gbá ìgbẹ́ rẹ̀ dànù. Ẹ fi igi kan dá ike náà láàrin. Ní ọjọ́ kan, kò ní jẹun mọ́, á gun igi yẹn, á fi ìdí mọ́ ọn, á wá hun okùn kan yí ara rẹ̀ ká níbi ìbàdí, á fẹ̀yìn tì í gẹ́gẹ́ bí adẹ́mu ṣe ń fi igbà fẹ̀yìn tì lórí ọ̀pẹ. Tó bá bọ́ awọ ìkẹyìn, ó kù kẹ́ ẹ ní sùúrù fún bí ọ̀sẹ̀ méjì. Nígbà mìíràn, agbọ́n kékeré ló máa jáde níbẹ̀ dípò labalábá, nítorí ó ti yé ẹyin sínú rẹ̀ kẹ́ ẹ tó gbé e wálé. Ẹ jẹ́ kí ọmọ mọ̀ ọ́n ṣáájú.

Bó bá jáde, ìyẹ́ rẹ̀ á rún bí aṣọ tí wọ́n fún lómi. Ẹ má bá a tẹ́ ẹ. Ẹ fi í sílẹ̀ kó rọ̀ sórí igi fún bíi wákàtí méjì, kẹ́ ẹ wá gbé e síta.

Tí họlidé bá parí kó tó jáde, ẹ gé igi náà, ẹ dè é ní òòró sínú ike, ẹ má sì gbé e sínú búùtù, ooru á pa á. Ọmọ ẹ̀gbọ́n mi obìnrin gbé tirẹ̀ lé itan láti Ìdí-Àbà dé Èkó, ó ń bẹ dírẹ́bà ní gbogbo ibi tí títì ti bàjẹ́ pé kó rọra. Ọjọ́ kejì tí wọ́n wọlé ló jáde. Ó fi fídíò ránṣẹ́ sí mi láti báńkóònì wọn ní òkè kẹta: labalábá dúdú kan lórí okùn aṣọ, láàárín yúnífọ́ọ̀mù méjì.